Òjò Agẹmọ Màmá Orímisan

Agogo ọ̀rinrin tún ké ní yàrá èrò kejì nínú ọkọ̀ ojú irin náà, Oyèwùsì sì dìde. Nígbà tó kọ́kọ́ ké, ó rò pé ẹnìkan ló ń sunkún níbẹ̀, nítorí ẹkún a máa mú agogo náà ké, pàápàá tí àwọn èrò bá ń ti etí òkun bọ̀. Ó ti fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sunkún wọn tán. Ṣùgbọ́n ẹkún kì í pẹ́ tó báyìí. Ó fa ìbòmú rẹ̀ sókè, ó wo ojú aago tó ń wọn ọ̀rinrin lára ògiri, ó rí i pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti kúrò níbi tí òfin fi í sí, ó ń yọ́ lọ síwájú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jalè.

Ìyá àgbà kan ló bá nídìí fèrèsé. Àwọn èrò yòókù ti kó ẹrù wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fún ara wọn pọ̀ sí apá kejì. Ìyá náà gbé ilé àwọ̀n kan lé itan, ó fi ìborùn rẹ̀ bo orí ara rẹ̀ àti ilé àwọ̀n náà pọ̀, ó sì ń mí sínú rẹ̀. Kì í ṣe mímí lásán. Ó ń fà á wá láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó ń la ẹnu, ó ń tú u jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: hàà. Á sinmi díẹ̀. Hàà.

"Màmá," Oyèwùsì ní, "ẹ má bínú. Kí lẹ̀ ń ṣe?"

Ìyá náà yọ orí jáde. Ojú rẹ̀ balẹ̀, àfi bíi pé wọ́n pè é nídìí ààrò.

"Òjò ni mò ń rọ̀, ọmọ mi. Ó kàn jẹ́ pé òjò ọ̀hún kò lágbára."

Oyèwùsì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo inú ilé àwọ̀n náà. Igi pèrègún kékeré kan wà níbẹ̀ nínú ìkòkò amọ̀. Ó pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó rí ohun tó wà lórí rẹ̀. Agẹmọ ni. Kò rí agẹmọ rí láyé rẹ̀, àfi nínú àwòrán. Èyí di ẹ̀ka mú bí ẹni tí kò fẹ́ já, ìrù rẹ̀ ká kò, awọ rẹ̀ sì rí bí eérú tí iná ti kú nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ méjèèjì, tó yẹ kó yọ síta bí òkè kékeré méjì, ti wọ inú lọ.

"Olùṣọ́, ẹ bá wa gbé nǹkan yẹn jù síta!" Ọkùnrin sísanra kan ló sọ bẹ́ẹ̀ láti apá kejì. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ni, oníṣòwò aṣọ ará Abẹ́òkúta, tó ti ń ráhùn láti ìgbà tí ọkọ̀ ti dúró. "Láti ọ̀sán ló ti ń mí sí i. Ṣé ẹ fẹ́ kí gbogbo wa kó ikọ́ ògiri ni? Ṣebí àwọn ará etí òkun náà ló gbé e wá bá wa lókè."

"Ikọ́ ògiri pa ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọmọ rẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ kan náà," ìyá náà dá a lóhùn, kò sì gbé ohùn sókè. "Kò sẹ́ni tó máa fi í dẹ́rù bà mí, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún mi pé kì í ṣe ohun ẹ̀rù. O jàre."

Ṣówándé yí ìdí padà lórí àga. Ó kọjú sí fèrèsé.

Kò kúkú sí nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni lè rí níta. Ìjì yanrìn ti mú ọkọ̀ ojú irin wọn mọ́lẹ̀ láàárín Òkèhò àti Ṣakí, ojú irin ti bò, òde sì pọ́n yòò bí epo. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti sọ fún wọn, ní ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi kọ́ ọ láti máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀, pé òun kò ní rìn títí ìjì á fi rọlẹ̀. Nínú ògiri gbogbo yàrá, ẹ̀rọ Afàmu ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ láìsinmi. Ẹnu rẹ̀ ń fa gbogbo ohun tó bá tutù nínú afẹ́fẹ́: èémí, òógùn, omijé, ooru ara ọmọ ọwọ́.

"Orúkọ yín, Màmá?"

"Màmá Orímisan ni wọ́n ń pè mí. Èyí ń jẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́."

"Ẹrù yín dà?"

"Òun nìyí."

Oyèwùsì wò ó. Ẹrù kan ṣoṣo ni ìjọba gba ẹnì kọ̀ọ̀kan láàyè láti gbé kúrò ní etí òkun kí omi tó gba ilé wọn. Ó ti rí àwọn tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ, àwọn tó gbé ìkòkò ìyá wọn, ẹnìkan tilẹ̀ ti gbé ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn. Kò tíì rí ẹni tó fi ẹ̀tọ́ ẹrù kan ṣoṣo náà gbé agẹmọ.

Ó yọ omi jíjẹ kan nínú àpò rẹ̀, ìṣù róbótó tó ń mì bí ojú ẹja, irú èyí tí wọ́n ń pín fún èrò. "Ẹ fún un ní èyí, Màmá. Tèmi ni."

Màmá Orímisan rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbà á lọ́wọ́ méjèèjì, ó dúpẹ́, ó sì dá a padà. "O ṣeun. Ọlọ́run á fi òmíràn dípò. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé omi nìyẹn. Agẹmọ kì í mu omi inú àwo, áńbọ̀sì èyí tí ẹ sọ di ìṣù, tí kò ṣeé fún kán sórí ewé. Omi tó bá ń dán lórí ewé, tó ń yí, tó fẹ́ jábọ́, èyí tójú rẹ̀ bá rí ni yóò la ẹnu mu. Ike ìfọ́nmi mi ni mo fi ń ṣe é. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi ní ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀. Mo ti fún un ní tàárọ̀ kí n tó kúrò nílé. Bí ọkọ̀ bá rìn bó ṣe yẹ kó rìn, à bá ti dé kó tó kan tìrọ̀lẹ́, kò sì ní sí wàhálà kankan."

"Ṣé kò lè fara da gbígbẹ díẹ̀ ni?"

"Ó lè fara dà á. Ó tilẹ̀ nílò rẹ̀." Ó na ìka sí ara ilé àwọ̀n náà. "Ṣé o rí i pé àwọ̀n ni mo fi kọ́ ọ, n kò fi dígí kọ́ ọ? Kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá ni. Láàárọ̀, màá fọ́n omi títí gbogbo ewé á fi máa kán tó, tó, tó. Lẹ́yìn náà màá káwọ́ kúrò. Màá jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ gbẹ, títí kan ilẹ̀ ìkòkò. Nírọ̀lẹ́ màá tún fọ́n ọn. Omi ní ìgbà tirẹ̀, gbígbẹ ní ìgbà tirẹ̀. Bó bá tutù títí, àyà rẹ̀ á bu bí àyà ènìyàn ṣe ń bu. Bó bá gbẹ títí, ojú rẹ̀ á wọlé, awọ rẹ̀ kò ní lè bọ́, ahọ́n rẹ̀ á wúwo kò ní lè nà mú kòkòrò. Àwọn tó ń da omi lé e lórí láàárọ̀ lọ́sàn-án lálẹ́ nítorí ìfẹ́, àwọn ló ń tètè sin ín."

Oyèwùsì tún wo ilé àwọ̀n náà. Kò tíì gbọ́ ará etí òkun kan tó sọ̀rọ̀ gbígbẹ ní rere rí.

"Nígbà tó wà nínú igbó ńkọ́?" Ṣówándé tún bọ́ sí i. "Ta ló ń fọ́n omi fún un?"

"Òjò ni. Ìrì ni. Èmi ni mo mú un kúrò lórí igi rẹ̀, lọ́jọ́ tí òkun ń gé igi náà lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá mú nǹkan kúrò lábẹ́ òjò, òun fúnra rẹ̀ ló di òjò rẹ̀."

Lẹ́yìn tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó wo Oyèwùsì. "Ṣé kí n dáwọ́ dúró? Ìwọ ni Olùṣọ́ Afẹ́fẹ́. Bí o bá ní kí n má mí sí i mọ́, n kò ní mí sí i."

Kò bẹ̀ ẹ́. Bó bá bẹ̀ ẹ́ ni, ì bá rọrùn fún un láti kọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná," Oyèwùsì ní. Ó padà sí yàrá kékeré tirẹ̀ tó wà láàárín yàrá èrò àti ẹ̀rọ.

Ọmọ Ṣakí ni Oyèwùsì. Nígbà tó wà ní kékeré, òjò rọ̀ lọ́dún kan tí kò dá, kí òjò tó wá kọ ilẹ̀ wọn sílẹ̀ pátápátá. Ògiri bu, àjà bu, ẹní bu, lẹ́yìn náà ni àyà àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í bu; ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ikọ́ ògiri. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré nínú ẹrẹ̀, ó ju ìdajì wọn lọ tí wọn kò rí ọdún tó tẹ̀ lé e. Òun yè é, ṣùgbọ́n apá kan ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti di bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ. Bó bá gun àtẹ̀gùn, á dúró láàárín kó tó lè parí rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti fẹ́ràn gbígbẹ bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn oúnjẹ. Nígbà tí Òkè-Ògùn di yanrìn, tí àwọn àgbàlagbà ń ṣọ̀fọ̀ oko wọn, òun sùn fọnfọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe yìí, kì í ṣe owó ló gbé e débẹ̀. Ó gbà pé òun ń dáàbò bo àyà àwọn ènìyàn.

Ọ̀pá irin kan wà lára ògiri yàrá kékeré náà. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ẹnu Afàmu yàrá yẹn nìkan á pa dé, kí Olùṣọ́ lè nu inú rẹ̀. Àwọn tó ṣe é gbọ́n. Wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á dé kó sì gbàgbé, nítorí náà wọ́n fi okùn irin sí ẹ̀yìn rẹ̀: bí ọwọ́ Olùṣọ́ bá kúrò lórí rẹ̀ báyìí, á fò padà sókè. Ọ̀pá náà sì mọ ọwọ́ rẹ̀. Kò ní gbọ́ ti ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ kí yàrá náà tutù ní láti jókòó sínú ọ̀rinrin ọ̀hún fúnra rẹ̀.

Ó dúró wò ó pẹ́. Àyà rẹ̀ ti ń fún mọ́ra kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Ẹ kú iṣẹ́, Olùṣọ́," ohùn ọkọ̀ sọ látòkè. "Ẹ ti dúró síwájú ọ̀pá náà fún ìgbà díẹ̀. Kò tíì tó àkókò ìmọ́tótó."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ẹ nílò ìrànlọ́wọ́?"

"Bí yàrá yìí bá tutù ju bó ṣe yẹ lọ, kí lo máa ṣe?"

"Màá kìlọ̀ fún yín. Bó bá kọjá ààlà, màá fi tó Ilé-Iṣẹ́ Afẹ́fẹ́ létí. Bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn. Ẹ má bínú."

"N kò bínú," Oyèwùsì dáhùn. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì padà lọ bá ìyá náà. "Màmá, ẹ gbé e wá."

Ó ṣàlàyé fún un ní gbangba, gbogbo èrò sì ń gbọ́. Yàrá òun kéré. Bí ènìyàn mélòó kan bá jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń mí, tí Afàmu kò sì fà á lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á tutù. Èémí ènìyàn méjì kò lè tó. Ó bi wọ́n bóyá ẹnìkan fẹ́ wá.

Àwọn kan ń wo ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ pupa dìde lẹ́yìn. Dúródọlá lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni, ó ń lọ gba iṣẹ́ tuntun ní Ṣakí.

"Mo kàn fẹ́ wo agẹmọ náà dáadáa ni," ó ní, bí ẹni pé ojú ń tì í. "Ṣùgbọ́n màá máa mí bí mo ṣe ń wò ó."

Wọ́n wọlé, àwọn mẹ́ta, pẹ̀lú ilé àwọ̀n láàárín wọn. Oyèwùsì tẹ ọ̀pá irin wálẹ̀. Ariwo Afàmu, tó ti di ara etí wọn, dákẹ́ lójijì, ìdákẹ́jẹ́ náà sì pọ̀ débi pé wọ́n ń gbọ́ yanrìn tó ń fọ́n sára ọkọ̀ bí ẹni ń fẹ́ ìrẹsì.

Wọ́n ń mí. Ó pẹ́. Abẹ́rẹ́ ojú aago sún díẹ̀, ó sì dúró. Màmá Orímisan kò wo aago. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ wo afẹ́fẹ́, bí ìyá ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ wo omi ìwẹ̀ ọmọ.

"Kò tíì tó," ó ní.

Ìgbà yẹn ni ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ni. Ó fi ikùn rẹ̀ kún ẹnu ọ̀nà.

"Mo gbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé kò tíì tó," ó ní. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, Màmá, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Mo sanra. Èémí mi á pọ̀ ju ti àwọn ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyí lọ."

"Wọlé kí o jókòó, ọkọ mi," Màmá Orímisan dá a lóhùn. "Ẹni tó bá wá kò pẹ́."

Nígbà tí Ṣówándé jókòó tán, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè na ẹsẹ̀ sí mọ́. Ìyá náà wò wọ́n yíká. "Ta ló mọ orin kọ nínú yín? Ẹni tó bá ń kọrin, èémí rẹ̀ ń pọ̀."

Wọ́n wo ara wọn. Òfin kò ka orin léèwọ̀ nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún ọmọ pé ẹni tó ń kọrin ń fi omi ara rẹ̀ ṣòfò. Kò sí nínú wọn tó ti kọrin lójú àlejò rí. Màmá Orímisan fúnra rẹ̀ ló gbé orin. Orin atukọ̀ ni, èyí tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ojú omi nílé wọn. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ju pé kí alájẹ̀ fà á, kí ó sinmi, kí ó tún fà á. Ohùn rẹ̀ kò dùn, ó ti há. Ṣùgbọ́n kò sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Dúródọlá kọ́kọ́ gbè é. Ṣówándé tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ nípọn, ó ń dún láti ìsàlẹ̀ bí ìkòkò tó ń hó, ó sì ṣì í kọ, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì jẹ́ èémí.

Oyèwùsì kò kọrin. Òógùn ti ń yọ sí i ní iwájú orí. Ó mọ ìgbà tí afẹ́fẹ́ náà yí padà, nítorí ó kàn án ní imú bí òórùn aṣọ tí kò gbẹ, ó sì padà di ọmọ kékeré tó dùbúlẹ̀ sórí ẹní tó bu. Àyà rẹ̀ fún pọ̀. Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́, ó tẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ ń ṣú, ọwọ́ rẹ̀ sì fẹ́ tú lórí ọ̀pá.

Màmá Orímisan dákẹ́ orin. Ó fi ọwọ́ lé e lẹ́yìn, láàárín èjìká méjèèjì, ó sì fi í síbẹ̀.

"Ikọ́ ògiri ti mú ọ rí," ó ní. Kì í ṣe ìbéèrè.

Oyèwùsì forí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

"O sì wá jókòó síbí." Ó sún mọ́ ọn. "Gbọ́, ọmọ mi. Ohun tó mú ọ nígbà náà, kì í ṣe omi. Omi tí kò lọ ni. Èyí máa lọ. Èmi náà ni màá sọ fún ọ nígbà tó bá yẹ kó lọ. Máa mí pẹ̀lú mi. Má gbà á mọ́lẹ̀. Fà á, kí o sinmi, kí o tún fà á."

Ó mí pẹ̀lú rẹ̀. Ó ń gbọ́ èémí ìyá náà létí rẹ̀, ó lọ́ra, ó gùn, kò sí ìkánjú kankan níbẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń tẹ ẹsẹ̀ sí ojú ẹsẹ̀ ẹlòmíràn nínú yanrìn. Ikọ́ náà rọlẹ̀. Nǹkan tí kò retí wá ṣẹlẹ̀: ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, tó ti ń ha á láti ọdún gbọọrọ débi pé ó ti gbàgbé pé ó ń ha á, rọ̀. Ètè rẹ̀ tó sán rọ̀. Afẹ́fẹ́ ń wọlé bí ẹni tó mọ ọ̀nà.

"Ẹ wo fèrèsé!" Dúródọlá ké.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń ṣú níta, òtútù aṣálẹ̀ ti ń mú dígí fèrèsé, èémí wọn sì ti ń di ìrì lára rẹ̀. Ó kọ́kọ́ bò ó bí ẹfun. Lẹ́yìn náà ni ó kó ara jọ, ẹyọ kan wúwo, ó ya ọ̀nà sílẹ̀, ó sì sáré wálẹ̀ lójú dígí. Ṣówándé na ìka kàn án, ó sì wo ìka rẹ̀ bí ẹni tó rí wúrà.

Màmá Orímisan ti bọ́ ìborùn rẹ̀. Ó fi etí ìborùn náà kan nu dígí láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí omi má bàa ṣòfò. Ó gbé e sókè ewé pèrègún tó ga jù, ó sì fún un. Ẹ̀kán kan jábọ́. Ó yí lórí ewé gbọọrọ náà, ó dé ṣóńṣó rẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó ń dán.

Agẹmọ kò mira.

Ó tún nu dígí, ó tún fún ìborùn. Oyèwùsì ń wò ó. Ó ti bá àwọn tó gbọ́n púpọ̀ ṣiṣẹ́, àwọn tó lè sọ ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ láti ìlú dé ìlú láìdìde lórí àga. Kò tíì rí ẹni tó fi gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ ti ohun kékeré kan bí obìnrin yìí, láìbínú, láìkánjú, láìretí pé ẹnìkan á yìn ín. Ẹ̀kán tún jábọ́. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Ojú kan yí. Ojú kejì ṣì ń wo ibòmíràn. Lẹ́yìn náà ni ojú kejì náà wá bá ti àkọ́kọ́, méjèèjì dúró lórí ẹ̀kán omi náà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ na ẹsẹ̀ kan síwájú, ó mì ín bí ẹni tí kò dá ẹ̀ka lójú, ó gbé e lé e, ó na èkejì. Ó la ẹnu. Ọ̀fun rẹ̀ sún sókè, ó sún sílẹ̀.

Ṣówándé fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

Ó mu, ó mu, ó mu. Ó gbé orí sókè kí omi lè sọ̀kalẹ̀, ó tún tẹ orí wálẹ̀. Ìyá náà ń fún un, ewé ń kán, nínú ìmọ́lẹ̀ bàìbàì tó kù, wọ́n rí i tí àwọ̀ eérú náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí láti ìhà ọrùn: àwọ̀ ewé tútù, ilà aláwọ̀ ọsàn kan, àmì funfun wínníwínní bí ẹni wọ́n ìyẹ̀fun sí i lára.

"Olùṣọ́," ohùn ọkọ̀ ní, "afẹ́fẹ́ yàrá yín ti kọjá ààlà. Mo ti fi tó Ilé-Iṣẹ́ Afẹ́fẹ́ létí. Mo tọrọ àforíjì."

Oyèwùsì kò gbọ́ ọ tán. Ó di ọ̀pá mú. Ó rò pé bó bá lè di í mú títí wọ́n á fi dé Ṣakí, agẹmọ náà á mu yó débi pé kò ní mọ̀ pé òùngbẹ gbẹ òun rí.

"Ó tó," Màmá Orímisan sọ.

"Ẹ jẹ́ kó mu sí i, Màmá. Ọwọ́ mi kò tíì rẹ̀ mí."

"Ó tó. Wo ojú rẹ̀, ó ti yọ síta. Wo ewé, ó ti tutù dé ìdí. Bó bá kọjá báyìí, kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, ti bíbu ni." Ó wò ó, ojú rẹ̀ rọ̀ gan-an. "Ṣebí mo ní màá sọ fún ọ? Tú u sílẹ̀, ọmọ mi. Jẹ́ kó gbẹ."

Oyèwùsì ṣí ọwọ́. Ọ̀pá irin fò sókè, Afàmu bú ramúramù, ìrì ojú fèrèsé sì lọ bí ẹni fi ahọ́n lá a. Nínú ilé àwọ̀n, atẹ́gùn gbígbẹ gba ara ewé kọjá. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ di ojú kan, ó la èkejì.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí ìjì fi rọlẹ̀. Apá irin méjì tó wà níwájú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá yanrìn kúrò lójú irin, Ṣówándé àti Dúródọlá sì padà sí àyè wọn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ṣì wà tí ohùn fi tún sọ̀rọ̀.

"Olùṣọ́, Ilé-Iṣẹ́ Afẹ́fẹ́ ń bèèrè ìdí. Àwọn ọ̀pá mìíràn ti há rí lórí ọkọ̀ mìíràn. Ṣé kí n sọ pé ọ̀pá ló há?"

Oyèwùsì gbé ojú sókè. Kò mọ̀ pé ẹ̀rọ náà lè ṣàánú ènìyàn báyìí. Bóyá kì í tilẹ̀ ṣe àánú. Ọ̀nà láti lọ wà níbẹ̀ gbayawu, kò sí ẹni tó máa dá a lẹ́bi bó bá gbà á.

"Ọ̀pá kò há," ó ní. "Èmi ni mo dì í mú. Sọ fún wọn pé agẹmọ èrò kan ń kú lọ nítorí àìsí ọ̀rinrin, mo sì fún un ní ìwọ̀n tó yẹ ẹ́. Nígbà tó tó, mo dáwọ́ dúró. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ohùn náà lọ jẹ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tó padà wá, ó ní, "Wọ́n ní kí ẹ fi àmì iṣẹ́ yín sílẹ̀ ní Ṣakí, títí wọ́n á fi pè yín."

"Ó dáa."

Màmá Orímisan gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sọ pé kí ó má bínú, kò sì sọ pé ó ṣeun, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ìyẹn. Ó kàn jókòó tì í títí ọkọ̀ fi dúró ní Ṣakí. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí òtútù gbígbẹ alẹ́ ń wọlé, ó gbé ilé àwọ̀n rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì yíjú sí i.

"Ta ló bí ọ?"

Oyèwùsì ronú díẹ̀, bí ẹni tí wọn kò bi ní ìbéèrè yẹn rí. "Ìbíwùmí ni."

"Ìbíwùmí," ó pè é, ó fà á gùn, bí ẹni tó fẹ́ kí obìnrin náà gbọ́ ọ níbikíbi tó bá wà. "O bímọ o."

Ó sọ̀kalẹ̀. Àwọn èrò ń ti ara wọn, wọ́n ń sáré lọ síbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń to àwọn ará etí òkun sórí ìlà, àpótí ń gbá àpótí. Òun kò sáré. Ó ń gbé ẹsẹ̀ kan, á jẹ́ kí ewé pèrègún sinmi mímì, kó tó gbé èkejì, ogunlọ́gọ̀ náà sì ń pín sí méjì níwájú rẹ̀. Oyèwùsì dúró sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, ó tú àmì iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lára aṣọ, ó ń wò ó lọ títí.